Ọmọ-Ọmọ Mi Kò Lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa

Ọ̀gbẹ́ni Tolliver, olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Wọ́n ní mo lé ọmọ-ọmọ mi kúrò nílé. N kò lé e. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Jalessa. Yunifásítì ńlá ìpínlẹ̀ Alabama gbà á, ó sì lọ. Èmi ni mo dín adìẹ tó gbé dání. Wọ́n tún ní mo ti kọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwa aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀. Irọ́ ni. Lọ́dún 1961, yunifásítì yẹn kan náà kọ̀ mí nítorí àwọ̀ mi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ló sọ mí di olùkọ́.

Lọ́dọọdún, èmi ni mò ń ṣáájú ìwọ́de ayẹyẹ àwa tí a ti jáde níbẹ̀, èyí tí a fi ń pe àwọn ọmọ wá síbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, arábìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ máa pè wá síbi tí ọmọ yín ò fẹ́ dé?"

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò kún gbọ̀ngàn kan lọ́dún yìí.

Jalessa ní, "Màmá àgbà, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ yín ni mo gbà wọlé. Ṣé kò dùn mọ́ yín ni?"

Ó dùn mọ́ mi. Ó sì rẹ̀ mí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ṣáájú ìwọ́de náà, àbí kí n jókòó sílé? Ṣùgbọ́n ká ní Jalessa bi mí kó tó yàn, èyí tí ǹ bá tọ́ka sí nínú ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.