Igi Tíìkì Rẹ àti Òrùlé Ilé-Ìwé

Wulan, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Surabaya tí o wà yẹn. Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ẹsẹ̀ tó ń ro òun ti sàn díẹ̀, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì, a dúpẹ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ilé-ìwé Alùfáà Mahfud tí o lọ. Ìjọba kọ́ ló ni ín, ìwọ náà mọ̀, ọwọ́ àwa ará abúlé ló ń gbé e ró. Òrùlé rẹ̀ ti jẹrà. Olùkọ́ Ningsih pè wá jọ, ó ní bí òjò bá dé bá a báyìí, òun yóò ti kíláàsì àwọn ọmọ kékeré pa, òun ò lè máa kọ́ ọmọ nínú omi bí ẹni ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

O rántí ìkúnwọ́ ìrẹsì tí à ń fi sínú agolo lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé lóru ń gbà kiri fún ilé-ìwé. Wọ́n ní ìyẹn nìkan ò tó mọ́. Wọ́n wá lẹ àwòrán kan mọ́ géètì, dúdú àti funfun, ó rí wúruwùru bí ẹní tí ikán jẹ, wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe sàráà gbé fóònù sí i, owó yóò gba ibẹ̀ lọ. Mo gbé tèmi sí i, èyí tí o rà fún mi, mo fi ojú rẹ̀ kàn án, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kàn án, mo ṣe bísímílà, ọwọ́ ro mí, kò gbin. Mo ní ohun tó ń gba sàráà kò ní kọ ìrẹsì, mo bá gbé agolo mi kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, agolo gbogbo àdúgbò ti wà níbẹ̀, adìẹ Wagiman aládùúgbò wa sì ti jẹ ìdajì. Olùkọ́ Ningsih rẹ́rìn-ín títí, ó ní Bàbá Wulan, ẹ má fẹ̀rín pa mí o, fóònù yín ò lójú tí yóò fi rí àwòrán ni!

Mo ti wá fi rúlà da àwòrán náà kọ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Igun kan wọ́ díẹ̀, ewúrẹ́ ló gbún mí lápá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Gbé fóònù tìrẹ tó lójú sí i, kí o fi owó ìṣó ránṣẹ́. Bí ó bá ṣèèṣì lọ sí ilé-ìwé mìíràn, sàráà náà ṣì ni.

Èyí tó kù ló kàn ọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò lówó lè yọ̀ǹda ohun ìní rẹ̀ fún Ọlọ́run, tí kò ní gbà á padà mọ́ láé. Igi ńlá tí yóò gbé òrùlé náà ni wọ́n ń wá, kò sì sí irú rẹ̀ ní abúlé yìí àfi tíìkì ẹ̀yìnkùlé wa. Ìwọ lo ni ín. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni mo gbìn ín, kí n lè fi kọ́ ilé fún ọ tí o bá lọ́kọ. Mo sọ fún wọn pé mi ò lè fi ohun olóhun ṣe sàráà. Wagiman fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹ wo bàbá tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń tọrọ. Wọ́n ń dúró de èsì rẹ, òjò sì ti ń ṣú.

Bí o bá ní rárá, mi ò ní bínú. Mo kàn ń rántí bí o ṣe máa ń ti ilé-ìwé yẹn dé pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, tí o ní inú kíláàsì lẹ ti fi ń bo orí. O gbà o, o ò gbà o, kí Ọlọ́run máa bò ọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Tukiran