Mi Ò Rí Ọkọ̀ Fàtáì

Mi ò rí ọkọ̀ náà rárá. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Mo ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Storekeeper ni mí nílé-ìwé ìjọba kan ní Àkúrẹ́, Ìsìkàn ni mo ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó mi ti kú. Tíṣà ni. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ibẹ̀ la ti pàdé. Òun ló ni ọkọ̀ tí mo ń wà báyìí. Lẹ́yìn tó lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà, nítorí mi ò fẹ́ tà á, mi ò sì fẹ́ kó máa dípẹtà sẹ́yìnkùlé.

Ẹni tó kọ́ mi ni Fàtáì. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ débi pé tí inú bá bí i, èdè Àkúrẹ́ ló fi ń bú èèyàn. Kò tíì pé ogójì ọdún. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan máa ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lójú ọ̀nà estate kan lẹ́yìn ìlú Oǹdó, ọ̀nà tí wọ́n là tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Sátidé ni wọ́n fi ń dánra wò, Sọ́ńdè ni wọ́n ń díje. Kò sí ẹ̀bùn, ìyìn nìkan ni. Ó ń yọ mí lẹ́nu kí n wá. Ó ní mo ti dákẹ́ jù. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó sàn ju kí ẹ máa gbọ́ ìró aago ara ògiri yín lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, mo mọ ohun kan. Ojú ọ̀tún mi ń kú. Dókítà ti sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé glaucoma ni, ó ní èyí tó ti lọ ò ní padà, oògùn tí a ń kán sójú ló lè dá èyí tó kù dúró. Mo kán an fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan le, owó oṣù ò lè gbé èèyàn dé ìdajì oṣù mọ́, mo fi í sílẹ̀. Mo ní ṣebí ojú òsì ń ríran, kí ni mo tún ń wá? Tí mo bá wo iwájú, ọ̀nà mọ́ kedere. Apá ọ̀tún ni... kò ṣókùnkùn o, kò kàn sí nǹkankan níbẹ̀ ni. Mi ò sọ fún Fàtáì. Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ìgbéraga ni? Títí di òní mi ò mọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé a kúrò ní Àkúrẹ́, Fàtáì ṣíwájú nínú ọkọ̀ tirẹ̀, mo tẹ̀lé e. Kí a tó wọ Oǹdó, mo gbọ́ gbì lára ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Inú dígí ẹ̀yìn ni mo ti rí i pé ewúrẹ́ ni, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn wọ igbó. Mi ò dúró. Ó yẹ kí n ti yí padà níbẹ̀, àbí? Kí ló dé tí mi ò yí padà?

Alága àwọn tó ń díje náà jẹ́ ọmọ Oǹdó kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó so páálí kan mọ́ igi, ó kọ lẹ́tà sí i, ó ní kí ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan fọwọ́ bo ojú kan kó kà á, kó tún bo èkejì. Àwa mẹ́rin la jẹ́ ẹni tuntun. Mo rọra bọ́ sẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú mi ń ka lẹ́tà náà sókè, mo ń gbọ́, mo ń há a sórí. Bí mo ṣe ṣe ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà náà nìyẹn, kí ojú mi tó mọ lẹ́tà, etí mi ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kàn mí, mo bo ojú òsì, páálí náà di kùrukùru, mo sì kà á tán láìṣi ọ̀kan. Alága ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wo àgbà! Ojú Bàbá yìí mú ju tiyín lọ!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ká ní ìyàwó mi wà níbẹ̀ ni, ì bá mọ ohun tí mo ṣe.

Lọ́sàn-án a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Wọ́n to táyà àtijọ́ tí wọ́n kùn ní funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ń wà á jẹ́jẹ́, ni wọ́n bá sọ mí ní Bàbá Jẹ́jẹ́. "Bàbá Jẹ́jẹ́, ṣé kí a sọ̀ kalẹ̀ tì yín ni?" "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọ́n ń ka òpó iná!" Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà sì gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, mi ò rántí ìyàwó mi... ẹ má bínú sí mi, òótọ́ ni mo ń sọ. Táyà mẹ́rin ni mo wó lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló sì wà lápá ọ̀tún. Fàtáì nìkan ló kíyè sí i. Ó wá bá mi lẹ́bàá fèrèsé. "Bàbá, ẹ máa wo ọ̀tún yín o." Mo ní mo gbọ́. Obìnrin kan tó ru kẹ́ẹ̀gì òfìfo ń kọjá lọ. Ẹ mọ̀ pé epo wọ́n bí ojú lásìkò yìí. Ó wo ọkọ̀ mẹ́jọ tó ń yí po lásán, ó pòṣé, ó ní, "Ohun tí ẹ ń wá yìí, ẹ máa rí i."

Ní Sọ́ńdè, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A sáré. Ní ìyípo kẹta mo ti wà nípò kẹrin, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Jẹ́jẹ́ mọ́. Ibì kan wà tí ọ̀nà ti yà sọ́tùn-ún. Mo ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kan, mo rò pé ẹ̀yìn ló wà. Mo yíjú sọ́tùn-ún díẹ̀, kò sí nǹkankan. Mo yí sítíárìn. Irin kọlu irin. Ìgbà tí ọkọ̀ Fàtáì ti dé iwájú mi, tó ń gbókìtì lọ sínú gọ́tà, ni mo tó rí i.

Apá ọ̀tún Fàtáì kán ní ibi méjì.

Lọ́jọ́ kẹrin, Alága àti àwọn méjì wá sílé Fàtáì láti parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá ti bi mí, màá sọ. Ọlọ́run rí ọkàn mi. Wọn ò bi mí. Ta ló máa bi àgbàlagbà tó ka gbogbo lẹ́tà bóyá ó ríran? Fàtáì ni wọ́n bi. Ó ní òun fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, òun sì rí i kedere pé mo yíjú sí òun kí n tó yà. Ó ní nítorí náà Bàbá rí òun, Bàbá ò sì lè rí òun kí wọ́n tún máa bọ̀ lórí òun, a jẹ́ pé ọwọ́ òun ló ṣìnà. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó gba ojú mi gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ó dìde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ̀lú apá tí wọ́n fi igi dì. "Bàbá, ẹ forí jì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín." Wọ́n dì í mú. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ dípò rẹ̀. Gbogbo wọn ń wojú mi. Mo ní... mo ní mo ti dárí jì í. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà Fàtáì ti búra pé òun ò ní wa ọkọ̀ mọ́ láyé. Ẹni tó ń to eegun fún un ní Ìjù sọ pé apá náà máa jinná, á tún di sípánà mú. Fàtáì ní kì í ṣe apá, ọkàn òun ni kò gba ọwọ́ òun gbọ́ mọ́. Mẹkáníìkì tí kò lè wa ọkọ̀ tó tún ṣe wò, ta ló máa gbé ọkọ̀ fún un? Ó ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ńkọ́? Mo ṣì ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan fọwọ́ lu ara ọkọ̀ mi lápá ọ̀tún ní Ìsìkàn, ó ń pariwo pé ṣé mo fẹ́ tẹ òun pa ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Lánàá ìyàwó Fàtáì wá bá mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé àwọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé, òun, ọkọ òun àti ọmọ àwọn méjì. Ó ní ẹ̀rù ọkọ̀ ń ba Fàtáì, kò fẹ́ wọ ti ẹnikẹ́ni, àfi tèmi. "Ó ní ẹ̀yin nìkan lòun lè jókòó tì, Bàbá." Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rò ó. Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe jìn tó. Apá ọ̀tún mi níwájú ni Fàtáì máa jókòó.

Tí mo bá purọ́ pé ọkọ̀ bàjẹ́, bó pẹ́ bó yá wọ́n á bá ẹlòmíì lọ, ẹ̀bi tí kì í ṣe ti Fàtáì á sì bá a dé ilé bàbá rẹ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́, báwo ni màá ṣe wo ojú ẹni tó fẹ́ fi apá kíkán dọ̀bálẹ̀ fún mi? Ṣé òun nìkan ni kí n sọ fún, àbí iwájú gbogbo àwọn tó gbọ́ nígbà tí mo ní mo dárí jì í? Kí ni èèyàn kọ́kọ́ ń sọ? Ẹ lè bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Aago méje àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ní kí n wá. Òní ti di Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ti di ẹrù wọn.