Àpótí Tí Mo Fi Bùláńkẹ́ẹ̀tì Bò

Boram ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ò ń jẹun kánú? Òtútù Seoul kò ní rí ọ gbé ṣe, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lórí yìnyín. Èmi náà wà, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Ajá wa bí mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn máa ń fajú ro bíi bàbá rẹ, kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo bá wá. O mọ̀ pé tí o bá pè mí lórí fídíò, a ó sọ̀rọ̀ kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan tí mo rẹ sínú ìkòkò, a ó sọ̀rọ̀ ajá, kò ní sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bi ọ́ pé ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé, ojú rẹ á gan sójú kan, ó parí nìyẹn. Ó di ọdún mẹ́ta tí n kò tíì gbọ́ èsì. Mo ní àpótí kékeré tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, tó ń ṣẹ́jú wínní-wínní yìí, ló máa jẹ̀bi, torí ẹ̀bá fèrèsé ló wà, ta ni òtútù á mú tí á ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ni mo bá gbé e sílẹ̀ níbi tí iná tí a ń dá sábẹ́ ilẹ̀ ilé nígbà òtútù ti ń gbóná jù ní yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrẹsì rẹ tí mo máa ń bù dè ọ́ lálaalẹ́, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà bo àwọn méjèèjì. Ohun tó ń gbé ojú ọmọ mi wá bá mi, ṣé kò yẹ kí n tọ́jú rẹ̀ ni? Ìrẹsì gbóná, àpótí gbóná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú pátápátá.

Ìyá Jongsun tí ilé wa jọ kángun síra ní kí n fún un ní omi ginseng, gbòǹgbò tí a fi ń wo aláìsàn, mo ní ẹnu dà. Mo lọ bá olórí abúlé, àfi bó ṣe gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, tó ní kí tọmọdé tàgbà gbọ́ o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìyá Boram ń ṣàìsàn. Èèyàn méje ló wá kí mi kú ìtọ́jú, ẹnì kan gbé ẹyin wá.

Ọjọ́ kejì ni atúnṣe tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rán dé, ọkùnrin kan tó ti ń hewú, ó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wo àpótí, ó wo ìrẹsì. Ó bi mí pé ta ló ni ìrẹsì náà, mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ìgbà wo ló ń bọ̀, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Ó ní ooru ló ń pa àpótí náà, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́, ó bá gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ. Mo ní kó bá mi wo ohun tó ń gé ọ̀rọ̀ ọmọ mi láti ọdún mẹ́ta. Ó tẹ fóònù rẹ̀ títí, ó wá rọra sọ pé, “Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe é kí ẹ tó bò ó.” Mo ní kó jókòó jẹ ìrẹsì náà. Ó jẹ ẹ́ tán.

O pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú rẹ mọ́ kedere. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè mi, o tún gan. Ṣùgbọ́n ológbò rẹ ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Mo ti rò ó títí, Boram, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń mú èèyàn tí kì í mú ológbò? Àpótí tìrẹ ló ń ṣàìsàn. Jọ̀ọ́, má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó.

Owó ọdún tuntun tí o máa ń fi ránṣẹ́, mo fẹ́ ẹ o, orógùn ọbẹ̀ mi ti ṣẹ́, orúnkún ń fẹ́ oògùn. Ṣùgbọ́n má gba bánkì. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Àárò rẹ ń sọ mí, n kò lè purọ́.

Ọ̀nà á là fún ọ, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Mo ti bu ìrẹsì mìíràn. Ìyẹn kò nílò afẹ́fẹ́, mo ti bò ó dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ