Péálì Tí Kò Tètè Gbó

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé ara ń le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi tí ẹ ń wọ̀ níbẹ̀ kò tíì kó òtútù sí ọ lára? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rì sí i. Èmi náà wà. Eékún ń dùn mí, eyín tó kù sí mi lẹ́nu ti di mẹ́rin, àmọ́ mo ṣì ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ì tíì gbẹ́ kòtò.

Aránṣọ tó háyà yàrá iwájú ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀ṣọ́ sí i, aṣọ kọ́ ni. Ó ní òun gbọ́.

Òun náà ló ka lẹ́tà rẹ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á, torí nígbà àkọ́kọ́ mo rò pé ó ń ṣì í kà ni. O ní ẹ máa ń la ẹnu ìkarahun inú omi díẹ̀, ẹ ó ki ìlẹ̀kẹ̀ róbótó kan bọ ẹran inú rẹ̀ lára, ẹ ó dá a padà sómi, ẹran náà á wá máa fi nǹkan dídán bo ìlẹ̀kẹ̀ náà títí tó fi máa di péálì. Ó yé mi dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní àwọn kéékèèké lè gbà tó ọdún kan àbọ̀, àwọn tó dára ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. O ní omi tó gbóná jù pa àwọn tí ẹ kọ́kọ́ kó sómi, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, o ò sì ní lè wálé àfi tí ẹ bá là wọ́n tán.

Ọmọ mi, àgbàdo, oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gẹ́, ọdún kan. Ìwọ gan-an, oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn gan-an ti pọ̀ jù lójú ìyá rẹ. Mo rò pé ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, ni mo bá ní kí n dán an wò fúnra mi. Mo ra ìkarahun márùn-ún lọ́wọ́ apẹja, irú àwọn tó máa ń padé bí ìwé. Mo ní kó ṣa àwọn tó yára fún mi. Ó wò mí. Mo mú irin róbótó márùn-ún, irú èyí tó máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, mo fi gírísì kùn wọ́n kí wọ́n lè wọlé wọ́ọ́rọ́, mo ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ẹnu wọn, mo kó wọn sínú bàsíà omi lẹ́yìnkùlé. Àràárọ̀ ni mo ń là wọ́n wò kí n tó bọ́jú. Ọjọ́ kẹta, irin ṣì ni. Ọjọ́ kẹfà, irin ni, àmọ́ ó ti ń dípẹtà. Ọjọ́ kẹjọ, aránṣọ ní àwọn oníbàárà òun ò lè wọn aṣọ wò nínú òórùn yẹn, kí Baba jọ̀ọ́ sin ohun tó kú. Mo sin ín. Mo kọ́kọ́ yọ irin mi.

Aránṣọ ní lílà tí mo ń là wọ́n lójoojúmọ́ ló pa wọ́n. Mo ní báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá gbó tí mi ò bá là á. Ó tún fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ìkarahun yìí jọ ọ̀rọ̀ èèyàn tí nǹkan wà nínú rẹ̀ tí kò lè yọ, ó wá ń wo ojú mi. Mo ní èèyàn kì í ṣe ìkarahun, kó máa kọ̀wé.

Mo rí àwòrán péálì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ. Ó dára. Mo ní kó yí i padà kí n rí ẹ̀yìn péálì náà, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ rèé. Òrùlé yàrá ìyá rẹ ń jò. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni mo ti ti yàrá náà pa, mi ò sì wọbẹ̀. Káfíńtà gun òkè wò ó, ó ní páànù mẹ́rin ti jẹrà, pé tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àjà máa wó lé ẹrù tó wà nísàlẹ̀, àfi kí wọ́n kó yàrá náà kóun tó lè ṣe é. Mo ní kò sẹ́ni tó máa kó o. Ó ní ó dáa, òjò máa bá mi kó o. Ẹnu káfíńtà yẹn mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Aránṣọ ní òun lè bá mi kó o. Mo dúpẹ́, mo ní rárá. Ìwọ lo mọ aṣọ tó fẹ́ràn, ìwọ lo mọ èyí tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò tí kò dá padà. Èmi, tí mo bá wọbẹ̀, mo máa jókòó sórí ibùsùn ni, iṣẹ́ ò ní lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ìkarahun ò ní ẹsẹ̀. O ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ máa ń gbé wọn sókè láti fọ ìdọ̀tí ara wọn. Tí ẹ bá ti fọ̀ wọ́n tán, kí lo ń ṣe níbẹ̀? Ṣé o ń wò wọ́n ni? Mo wo tèmi, o ti gbọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ kan lo máa fi débí, a ó fi ọjọ́ méjì kó yàrá, ọjọ́ kan lo máa fi padà. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé nínú ọdún mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin ni baba rẹ ń tọrọ, kí òjò tó dé. Péálì ò ní mọ̀ pé o kúrò.

Mo nílò owó páànù náà o. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní òun ò rí èèyàn kankan. Mo tẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Akọ̀wé ibẹ̀ ní iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán, kí n lọ mú ẹni tó mọ̀ mí jù wá. Mo ní ẹni yẹn ò lè wá mọ́. Ó ní kí n mú ẹni tó tẹ̀ lé e wá. Ìwọ nìyẹn. Nítorí náà, fúnra rẹ ni kí o gbé owó náà wá.

Omi kò ní gbé ọ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á dán, kò ní bó. Ọkọ̀ tó máa gbé ọ bọ̀ kò ní takú lọ́nà, wàá sì bá mi lókè eèpẹ̀.

Èmi ni baba rẹ. Mo tẹ ìka síbí. Aránṣọ ní kò hàn dáadáa, àmọ́ èmi ni.