Ilé Àlégbà Tí Mo Pè Ní Ilé Adìẹ

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rù ń bà mí pé Mùfú ọmọ mi lè má wálé mọ́, ẹnu èmi ìyá rẹ̀ ló sì fà á.

Láti ìgbà tó ti ń fi pákó àti nẹ́ẹ̀tì onírin kan ilé fún àlégbà tó ń sìn, lẹ́yìnkùlé wa níbí ní Erunmu, ni mo ti ń sọ fáráyé pé ilé adìẹ ni. Ọmọ tó jáde yunifásítì, kí n ní aláǹgbá ńlá ló ń sìn?

Lónìí, Ìyá Rìsí, ọ̀rẹ́ mi ní asálátù, gbé àgbébọ̀ kan wá fún Mùfú pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Ó yọjú sínú ilé náà, ó fò sẹ́yìn. "Yéè! Ìyá Mùfú, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rèé!"

Mùfú gbé òòlù sílẹ̀. "Màámi, ṣé mò ń dójú tì yín ni?"

Ó gbé àlégbà rẹ̀ sínú àpò, ó wọkọ̀ lọ sí àdúgbò Ajíbọ́dè, nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, láìjẹun.

Ilé náà dára o. Ó tilẹ̀ ṣe ibi ìwẹ̀ sí i. N ò yìn ín rí.

Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Mùfú, mo ti sọ òótọ́ fún Ìyá Rìsí. Gbé àlégbà rẹ padà wá. Jọ̀ọ́, tètè fèsì."