Ìhágún Bàbá Máṣìn àti Ọ̀ràn Gíláàsì Ilé Kọ́nà

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Máṣìn, tí orúkọ àbísọ mi wà lórí ìwé ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kà á, agékoríko tí ń gba iṣẹ́ ọgbà nílé onílé, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ó ní iṣẹ́ kékeré ni. Èmi náà ti sọ fún àwọn oníbàárà rí pé iṣẹ́ kékeré ni, mo sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí mo yàn láti pín ogún náà, àbúrò mi wẹ́dà tó ń jó irin, àti agbẹjọ́rò mi. Agbẹjọ́rò ní ìwé ìhágún kì í ṣe ibi tí a ti ń ro ẹjọ́. Mo ní bí n kò bá rò ó síbí, ṣé inú pósí ni n ó ti rò ó? Nítorí náà, kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ bí mo ti kọ ọ́, kó má yọ nǹkan kan kúrò. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ já níbì kan, mo dìde lọ síbi fèrèsé ni.

Èkínní. Ilé tí mo ń gbé, àtọgbà àtilé, mo fi í fún àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba. Àkọ́bí mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kò gbọdọ̀ tà á lórí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé inú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, ohun gbogbo ló máa ń fẹ́ yanjú kíá. Ìyá yín, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló mú àwọ̀ tí a fi kun géètì. N kò fẹ́ràn àwọ̀ náà rí, mo sì sọ fún un títí ó fi kú. Kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ mìíràn kùn ún.

Èkejì. Gbogbo máṣìn agékoríko mi, àwọn tó ń lo bẹntiróòlù àti èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká, mo fi wọ́n fún ọmọbìnrin mi, nítorí òun àti èmi la jọ ń jẹ oòrùn. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́ náà wà nínú ogún yìí o. Kó tó tan máṣìn nílé ẹnikẹ́ni, kí òun àti onílé kọ́kọ́ jọ rìn yí ọgbà ká. Kí wọ́n fọwọ́ kan gbogbo ohun tó ti sán, tó ti tẹ̀, tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, kí onílé sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló wà kí a tó dé. Níbi tí a bá jẹ̀bi, kí a tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀, láìjanpata. Níbi tí a kò bá jẹ̀bi, kí a má fi ìtìjú san ohun tí a kò bàjẹ́.

Ìrìn yìí ló gbà mí lọ́wọ́ oníṣègùn eyín, ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo eyín ẹnu rẹ̀. Ó ní òkúta láti abẹ́ máṣìn mi ló ha mọ́tò òun lára. N kò bá a jiyàn. Mo kàn bi í pé ṣé kì í ṣe ibẹ̀ náà ló fọwọ́ pa láàárọ̀, tó ń ráhùn pé ìyàwó òun ló gbé e sún mọ́ ògiri jù? Ó ní àwàdà lòun ń ṣe. Háà! Àwàdà tí ó ti pe ọlọ́pàá sí kó tó rántí.

Mo dìde. Kọ́tìnnì ilé kọ́nà kò tíì ṣí. Mo padà jókòó.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ìrìn yíká náà kò parí, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kọ́nà ni, ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, opó bí èmi náà ti jẹ́ opó. Ìyá Gíláàsì ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Kì-í-Ṣe-Máṣìn-Mi. Lọ́jọ́ náà, a bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti géètì, a wo àwọn ìkòkò òdòdó, a dé ẹ̀gbẹ́ ilé níbi ẹ̀rọ omi. Ló bá bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń bá máṣìn sọ̀rọ̀ kí n tó tan án. Mo ní mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni, torí ó lágídí bí ọkọ olówó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹnu ẹ̀rọ omi mú. Láti ìgbà tí ìyá yín ti kú, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀rọ̀ mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. A dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀, oòrùn mú, mo sì sáré lọ tan máṣìn. A kò dé ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí mo ń kẹ́rù mi, ó pè mí. Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, òkúta kékeré kan sì wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ní máṣìn mi ni. Mo ní kì í ṣe máṣìn mi. Èmi kò lè búra pé gíláàsì náà ti sán tẹ́lẹ̀, òun náà kò lè búra pé kò sán. Àwa méjèèjì la jọ gbàgbé láti wò ó.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi. Ọ̀tún ni máṣìn mi ń tu koríko sí, òsì ni ilẹ̀kùn náà wà. Òkúta náà ń dán, irú èyí tí a fi ń ṣe ìdí ìkòkò òdòdó lọ́ṣọ̀ọ́ ni, kò sí irú rẹ̀ nínú koríko. Obìnrin náà fi í sínú ife kan lójú fèrèsé ìdáná rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rí fún adájọ́. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì, á ní òkò kì í béèrè ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ wo gíláàsì náà, bóyá ìlà rẹ̀ ti gùn sí i. Á po tíì, a ó jiyàn, á tún páálí àti téèpù tó fi bo ojú ibẹ̀ ṣe, n ó sì máa lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kọjú sí ilé rẹ̀. Kò pè é wá rí. Èmi náà kò sì rán an létí rí.

Ìkẹta. Bárò mi, àkàbà, àwọn réèkì àti òkúta ìpọ́nbẹ, mo fi wọ́n fún àbúrò mi wẹ́dà. Kò tọ́ sí i. Èmi ni mo mú un lọ sílé obìnrin náà kí ó lè jẹ́rìí sí máṣìn mi, àfi bó ṣe wo ilẹ̀kùn, tó wo òkúta, tó ní kò sí máṣìn tí kì í sọ òkò. Níwájú mi! Ọmọ ìyá mi! Obìnrin náà bu tíì kún ife rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó tún tẹ ilé àbúrò mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Òun ni yóò gbé mi dé ilé ìwòsàn, òun ló ń fóònù láràárọ̀ láti béèrè bí mo ti sùn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, kí ó gba àkàbà náà, kí ó sì rọra máa gùn ún.

Ìkẹrin. Ajá mi tí ń jẹ́ Adájọ́, mo fi í fún ọmọbìnrin mi. Ó gba orúkọ náà nítorí pé bí èmi àti Ìyá Gíláàsì bá ń jiyàn, àárín wa ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá wá a tì nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má wulẹ̀ pariwo. Ẹ mọ ibi tó wà.

Mo tún dìde. Ó ti ṣí kọ́tìnnì. Ó ń fọ nǹkan, ó kẹ̀yìn sí títì. N kò mọ ohun tí mo ń wá lójú fèrèsé bí olè. Mo ti sún àga yìí títí ilẹ̀ pálọ̀ fi ha.

Ìkarùn-ún. Máṣìn àfọwọ́tì mi, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó gbéyàwó, mo fi í fún Ìyá Gíláàsì. Òun ni mo fi ń gé ọgbà rẹ̀ láti ọjọ́ tí gíláàsì ti sán. Mo sọ fún un pé nítorí kò lè sọ òkò ni. Òótọ́ ni. Ó sì tún máa ń pẹ́ kí ó tó gé ọgbà tán, èyí ni n kò sọ. Mo tún fún un ní ìjókòó onígi tó wà lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé mi, èyí tó jókòó sí lọ́jọ́ tó wá yẹ máṣìn mi wò bí agbófinró, tó sì gbàgbé láti dìde.

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wo ara yín lójú. N kò sọ ọ́ fún un rí, torí ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọ̀ràn gíláàsì bá tán, kí ni n ó tún máa wá ṣe níbẹ̀? Agékoríko tó ti gé koríko tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ìdí nìyí tí inú fi bí mi sí ìwọ àkọ́bí mi, nígbà tí o lọ bá a pé o fẹ́ sanwó gíláàsì kí bàbá rẹ lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ láìsí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó dára lo rò. Ó lé ọ jáde, ó ní ta ló rán ọ. O wá bá mi, èmi náà lé ọ. O dúró láàárín títì, o kò mọ ilé tí ò bá wọ̀. Má bínú, ọmọ mi.

Ìkẹfà. Ibí ni ẹ ti ní láti fetí sílẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, kí n tó rí agbẹjọ́rò, mo bẹ Ìyá Gíláàsì pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé yìí. Ó gbà. Àfi bí agbẹjọ́rò ṣe wá ń sọ fún mi pé ẹni tó bá jẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè gba nǹkan kan nínú rẹ̀, pé bó bá ti lè fọwọ́ sí i, ohun tí mo fún un bọ́ nìyẹn. Ó ní kí n yan ẹlẹ́rìí mìíràn. N kò yàn án. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, oorun ò kùn mí. Kí ó wá, kí wọ́n ṣàlàyé òfin náà fún un, kí ó ka ìwé yìí fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹnu mi kò lè sọ, kó kà á.

Bí ó bá fọwọ́ sí i, ó ti yàn láti jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán nìyẹn. Kí àkọ́bí mi pe onígíláàsì wá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sanwó, kí ọ̀ràn náà parí, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi mẹ́nu kàn án mọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ogún rẹ̀ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gíláàsì náà, èmi ni n ó bójú tó o bí mo bá ti ilé ìwòsàn dé. Bí n kò bá dé, ẹ tún un ṣe fún un, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ìsanwó pé kì í ṣe máṣìn mi.

Ó ti jáde sí géètì. Ó ń bọ̀. N kò tíì wọ bàtà.

Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn ẹlẹ́rìí tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀:

Bàbá Máṣìn, agékoríko
Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ mi, ní pálọ̀ ilé mi

Ẹlẹ́rìí kìíní: káfíńtà tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé kọ́nà. Kò fọwọ́ sí i.

Àkíyèsí láti ọwọ́ agbẹjọ́rò: Ẹni tí a kọ sí ipò kejì wá. Mo ṣàlàyé òfin fún un. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dé pẹ́ẹ̀nì, ó sì dá a padà fún mi. Ìyàwó káfíńtà ló jẹ́rìí dípò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé èyí. Tíṣà náà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé máṣìn náà ló fọ́ gíláàsì òun, pé òun kò gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, àti pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ẹni tó ni máṣìn yáa ti ilé ìwòsàn dé, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí àwọn jọ rìn dé ẹ̀yìn ilé tí àwọn kò dé lọ́jọ́ náà.