Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Ọ Ka Ọ̀rọ̀ Mi

Agboolé Ọlọ́ṣẹ,
Beyerúnká, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Jímọ̀.

Misbaudeen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ẹ̀fọn Èkó kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbélé. Mo kí ẹ̀rọ rẹ náà, èyí tó ń bá ọ ka ọ̀rọ̀ tí mo bá fi ránṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìkíni mi dànù lónìí.

Bébà ni mo fi kọ eléyìí, mi ò gba orí fóònù, torí Ọlámilékan tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tó wá lo ìsinmi nílé, ti tú àṣírí yín fún mi. Ó ní níbi iṣẹ́ yín, àṣẹ kan wà tí ẹ máa ń kọ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ohunkóhun tó bá wà nínú fáìlì, àṣẹ náà á kó o, á dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kà á, á wá sọ èyí tó ṣe kókó níbẹ̀. Ó ní ìwọ lo ṣe é dáadáa, débi pé ọ̀gá yín bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní nígbà tó yá, o wá ń da ọ̀rọ̀ tèmi náà sí i. O ní kó máa mú èyí tí mo bá ti ní kí o ṣe nǹkan wá fún ọ, kó sì máa bá ọ dáhùn ìyókù.

Mo bi í pé èló lò ń san fún un lóṣù. Ó ní kì í ṣe èèyàn. Mo ní tí kì í bá ṣe èèyàn, ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé? Torí ó máa ń kí mi pé ẹ kú àárọ̀ màámi, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ìwọ fúnra rẹ ò sì kí mi bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti bí ọ. Mo bi í bóyá ó ń gbààwẹ̀, torí ó dá mi lóhùn ní àsìkò sààrì kí n tó gbé omi sẹ́nu. Ó ní kì í jẹun rárá. Mo wá ní ẹni tí kì í jẹun, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹlòmíì mọ́?

Mo ti fi ìdáhùn yẹn yangàn, Misba. Mo máa ń kà á fún Ìyá Karimat nídìí àtẹ rẹ̀ l'Ọ́jà'ba, á ní Ìyá Misba, ọmọ tìrẹ lọ́mọ, tèmi ò mọ̀ ju “OK” lọ. Mo ṣàdúrà fún ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn Iléyá ni ara Ìyá Àgbà wúwo. O mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́ irú rẹ̀ nílé wa. A kì í pariwo àìsàn sétí ẹni tó wà lókèèrè, kí àyà rẹ̀ má baà já lójú ọ̀nà. Mo kí ọ dáadáa, mo sọ fún ọ pé atẹ́gùn ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, pé adìẹ Jamilah àbúrò rẹ ti pamọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo wá kọ ọ́ sí pé Ìyá Àgbà ń béèrè rẹ o, wọ́n ní ojú rẹ ń wu àwọn-ọ́n rí. Ọmọ Beyerúnká wo ló máa rí ìyẹn tí kò ní gba garéèjì lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn? Ìwọ náà ì bá wá, ká ní ojú rẹ ló bá a pàdé. Ẹ̀rọ rẹ wò ó títí, kò rí ibi tí mo ti ní kí o ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun kí Ìyá Àgbà, ó ní ẹ kú oríire àwọn ọmọ adìẹ.

Mo kà á fún wọn. Wọ́n kọjú sógiri, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá ní Misba kọ́ nìyẹn, wọ́n ní Misba kì í pe àwọn ní Ìyá Àgbà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló ń pè wọ́n látìgbà tó ti ń fọhùn. Mo jágbe mọ́ wọn, mo ní màámi, ọmọ ti dàgbà, ó ti di ọ̀gá. Mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ṣì ń béèrè rẹ. Àdúrà tó gùn ju ti àkọ́kọ́ ni mo gbà padà.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bo ojú ni ẹ̀rọ yín ń fẹ́, èmi náà ti kọ́ ọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti kú. Ọjọ́ Àlàrùba ni. Mo pè ọ́, o ò gbé e, ẹ̀rọ ní o wà nípàdé, mi ò sì lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ibi tó yẹ kí o dúró sí nínú sàréè, Ọlámilékan ló dúró síbẹ̀. Mo ní kó mú ọ jókòó kó tó sọ fún ọ, kó tó fún ọ ní bébà yìí. Obìnrin tó gbé ọ pọ̀n sẹ́yìn ọgbà ilé ìwé wa, tó ń dúró kí n jáde nínú ìdánwò wá fún ọ lọ́mú, kí n tó tún wọlé padà. Òun náà ni.

Mo mọ̀ pé ibí ni mo máa ń ti béèrè owó. Ẹ̀rọ rẹ kì í gbàgbé ìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ló máa ń dé. Mi ò fẹ́ owó lónìí. Kí páànù máa jò.

Ọjọ́ kẹjọ wọn ń bọ̀, ìwọ ni mo fẹ́ rí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ. Kò gùn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa gé kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́, mi ò sì ní sọ ọ́ lórí fóònù, torí mi ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wá jókòó sórí ẹní wọn, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò fi ojú ara rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá.

Ẹ̀rọ, tó bá jẹ́ pé ẹ ti gba bébà yìí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ bá mi pè é wá.